Ojú ọ̀run fẹ̀, ojú ọ̀nà inú rẹ̀ ò fẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù bábà wa ní Orílé Agége. Wọ́n ti gẹ ìdajì irun mi nígbà tí rédíò mẹ́nu ba àbádòfin táwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ fi dènà kí bàálù máa forí sọ ara wọn lófurufú. Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pòṣé. "Owó ni wọ́n fẹ́ fi jẹ. Ṣebí ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìgbà kẹta rèé tí mo gbọ́ ọ lọ́dún yìí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa.

Oúnjẹ òòjọ́ làwọn àgbà ń fi òwe yẹn sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má di ẹnìkejì lọ́wọ́. Kò sí bàálù nínú rẹ̀. Ẹyẹ ń fò síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n bàálù ní ojú ọ̀nà tó ń tọ̀, ó sì ní ìpele tí wọ́n yàn fún un. Ẹ wá dúró lẹ́yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́. Gbogbo èyí tó bá gba apá àríwá bọ̀ wá balẹ̀ sí Ìkẹjà, orí táńkì omi aládùúgbò wa ló ń gbà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bíi dáńfó tó ń wọ Òṣòdì. Èkó náà fẹ̀, àbí? Ẹ lọ wo abẹ́ bíríìjì Òṣòdì ní aago méje àárọ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mí jù, ilé wa níbí ló wà. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, bàálù ADC kan gbéra ní Port Harcourt, ó ń bọ̀ l'Ékòó. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀nà òun àti bàálù mìíràn fẹ́ pàdé. Wọ́n yà fún un lójijì. Yíyà yẹn le débi pé bàálù dojú dé mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì já ṣòòròṣò sílẹ̀ nítòsí Ejìnrìn. Èèyàn 144 ló wà nínú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn, ẹnì kan ò yè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pòwe, bàálù méjèèjì ò sì fara kan ra o.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, bàálù Saudi Arabia àti ti Kazakhstan forí sọ ara wọn lókè Charkhi Dadri, nítòsí Delhi. Èèyàn 349 ló lọ. Ti Kazakhstan ti sọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 15,000 tí wọ́n ní kó dúró sí. Ojú ọ̀nà kan náà sì ni àwọn tó ń wọlé àtàwọn tó ń jáde jọ ń gbà, torí àwọn ológun ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú òfurufú ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé bàálù tó bá ń wọlé tó ń jáde gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún páìlọ́ọ̀tì pé bàálù mìíràn ti súnmọ́ ọn.

Wọ́n á ní páìlọ́ọ̀tì ò lójú ni? Bàálù méjì tó dojú kọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí, kìlómítà 10 tó wà láàárín wọn á tán kẹ́ ẹ tó ka 25.

Ti Amẹ́ríkà tí Bàbá ń pòṣé sí ńkọ́? Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, hẹlikọ́pítà ológun àti bàálù èrò forí sọra lókè odò Potomac ní Washington, èèyàn 67 kú. Hẹlikọ́pítà ò gbọdọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 200 níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ẹ̀rọ ADS-B tí ì bá máa kéde ibi tó wà ò ṣiṣẹ́; wọ́n sì ti fún àwọn ológun láyè láti máa pa á. Àwọn olùṣèwádìí wá rí i pé láti oṣù Kẹwàá 2021 sí oṣù Kejìlá 2024, ìgbà 15,214 ni bàálù àti hẹlikọ́pítà ti súnmọ́ra jù ní àgbègbè pápákọ̀ yẹn. Àyè tí wọ́n fún ológun yẹn ni ROTOR Act, àbádòfin tí rédíò mẹ́nu bà, fẹ́ dín kù. Àwọn Sẹ́nétọ̀ wọn fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2025. Owó jíjẹ dà níbẹ̀?

Èmi alára ti fojú rí i. À ń bọ̀ láti Àbújá lọ́jọ́ kan, òjò bo Èkó, wọ́n ní ká máa yípo lókè. Mo yọjú ní fèrèsé, mo rí bàálù mìíràn nísàlẹ̀ wa, ó ń yípo bá a ṣe ń yípo, mo rí àwọ̀ ìrù rẹ̀ kedere. Màmá tó jókòó tì mí náà rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 91. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ni òfin ní kó wà láàárín wa, bíi mítà 300. Ẹnì kan tó jókòó sídìí rédíò nílẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ.

Ó dáa, mo gbà, òfin nìkan ò tó. Ní 2002, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wà nínú bàálù méjèèjì tó forí sọra lókè Überlingen ní Jámánì, èèyàn 71 ṣì kú: ẹ̀rọ ní kí ọ̀kan gòkè, ẹni tó ń darí wọn nílẹ̀ ní kó sọ̀ kalẹ̀, páìlọ́ọ̀tì gbọ́ ti ẹni ilẹ̀. Òfin náà ni wọ́n tún lọ tún ṣe, kó yé gbogbo wọn pé ti ẹ̀rọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Gbogbo èyí ni mo fẹ́ sọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé Ejìnrìn, wọ́n ti gẹrun mi tán, Bàbá sì ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.