Ìgbà Ìwọ́wé Dé Sórí Bísíkíìtì

Nílùú Houston ní Texas, igi kì í kánjú wọ́wé. Igi tí wọ́n ń pè ní live oak, tó pọ̀ létí títì, tútù yọ̀yọ̀ ló ń wà yípo ọdún. Ìgbà tó bá sì máa gbọn ewé rẹ̀ dànù, oṣù kejì sí oṣù kẹta ni, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra Àjíǹde. Ní oṣù kẹwàá tí kàlẹ́ńdà ní ìgbà ìwọ́wé ti wọlé, ooru ọ̀sán ṣì ń wà ní nǹkan bíi 28 Celsius, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ké tọ̀sán-tòru. Ẹ fi igi sílẹ̀ jàre. Àwọn ìyá ọmọ wa níbẹ̀ ti rí ewé tiwọn: wọ́n ń fi ìyẹ̀fun gé bísíkíìtì ní àwòrán ewé, wọ́n ń yan án, wọ́n ń fi áísìn (ṣúgà pípò tí wọ́n fi ń ṣe ojú bísíkíìtì lọ́ṣọ̀ọ́) kùn ún, ó sì ti dé Instagram kí áísìn ọ̀hún tó gbẹ.

Kí bísíkíìtì tó wọ ófùn, aṣọ gbọ́dọ̀ ti bára mu. Bàbá, ìyá, ọmọ àti ajá (ajá tí kò bá ẹnikẹ́ni dá owó aṣọ) ni wọ́n jọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà pupa àti dúdú tó nípọn. Ìyá we síkáàfù mọ́rùn. Bàbá wọ bàtà awọ tó gun ojúgun, òógùn sì ń bọ́ lára rẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. Mi ò bá wọn jà o. Àwa tí à ń rán aṣọ ẹbí fún ìsìnkú àti ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan, kí ló dé tí bísíkíìtì ò ní ní tirẹ̀?

Wọ́n ní ẹbí ló ń jọ ṣe é. Ó dáa. Ìyá ló fi bọ́tà po ṣúgà lálẹ́ àná. Òun ló gbé e sínú fíríìjì kó le, òun ló tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, òun ló gé e ní ewé, ní elégédé, ní ọ̀kẹ́rẹ́, òun ló yan án ní 350 Fahrenheit, tó sì dúró ti ófùn kí etí rẹ̀ má baà jó. Áísìn ló kù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹyin funfun àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pò ó: èyí tó ki ni wọ́n fi ń fa ààlà sétí bísíkíìtì, èyí tó ṣàn ni wọ́n ń dà sáàárín ààlà náà. Ìyá á fi ọ̀bẹ la ojú èyí tó ṣàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ojú ọ̀bẹ bá pa dé ní nǹkan bí ìgbà tó ka 15, ó ti tó nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á mú abẹ́rẹ́, á máa fi bẹ́ ìhó wíníwíní tó bá yọ lójú áísìn, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo. Obìnrin yìí kan náà ni kò ráyè gán bọ́tìnì ọkọ rẹ̀ o.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìgbà tí kámẹ́rà ti tàn ni wọ́n pè wọ́n. Tọ́mi tẹ àpò áísìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ya sórí ọ̀kẹ́rẹ́.

“Ó tó, Tọ́mi! Fi í sílẹ̀ fún Mọ́mì.”

Ti Tọ́mi lọ sẹ́yìn àwo, ti Mọ́mì bọ́ síwájú, àkọlé sì jáde: “Àwọn ọmọ mi ló ṣe é o!” Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ra bísíkíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é tà, wọ́n fi ìyẹ̀fun díẹ̀ ra ọmọ nímú, ó parí.

Àmọ́ Houston kì í mojú ẹni. Ìlú ọ̀rinrin ni. Áísìn tó yẹ kó ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ á ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, pupa á máa wọ inú funfun. Ni wọ́n bá yí ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ títí inú ilé fi tutù rìnrìn. Ìgbà yẹn ni ṣẹ́ẹ̀tì bàbá tó wá rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ má sì wá elégédé nínú bísíkíìtì elégédé. Sínámónì, kànáfùrù àti ata ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní adùn elégédé. Kọfí tó sọ ọ́ di àṣà náà kò yàtọ̀: 2003 ni ilé-iṣẹ́ kọfí Starbucks gbé e jáde, 2015 ni elégédé gidi tó dé inú rẹ̀.

Ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ ń wò wọ́n láti orí àga.

“Ìyá Tọ́mi, ṣé elégédé lò ń yà yẹn? Gbọ̀rọ̀ rẹ̀ dà?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò tíì gbẹ.”

“A ò ní jẹ ẹ́ ni?”

“Ẹ ó jẹ ẹ́ mà. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò tán.”

Ọjọ́ kejì ni fọ́tò tán. Ìyá àgbà gé ewé kan jẹ, wọ́n dákẹ́, wọ́n fi ahọ́n wá eyín wọn kiri bóyá ó ṣì pé, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bu omi wá. Èyí tó kù, Ìyá Tọ́mi dì í sínú ọ̀rá, ó so rìbọ́nì mọ́ ọn, ó pín in fún àwọn olùkọ́ ọmọ àti ìyàwó pásítọ̀, tí wọ́n dúpẹ́ gidi, tí wọ́n sì gbé e pamọ́. Ìyá Tọ́mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ti ra irin tí wọ́n fi ń gé bísíkíìtì ní yìnyín, torí Kérésì ń bọ̀ ní Houston.