Kì í ṣe fàájì ló fún yín ní kárí-ófà

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìwé lo ń lọ kà o. Eré di ọjọ́ tó o bá gboyè." Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọdún kan gbáko. Mi ò lọ sóde, mi ò gbá bọ́ọ̀lù, mi ò bá ẹnikẹ́ni ta lúdò.

Nínú yàrá tí àwa mẹ́ta jọ háyà ní Barígà, tí-dí-bí là ń pe ohun tí mò ń ṣe: kéèyàn kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Màá bu omi tútù sínú báàfù, màá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, màá sọ obì sẹ́nu. Bó bá fi máa di aago mẹ́rin ìdájí, orí ìlà kan náà lojú mi á ṣì wà, ẹ̀fọn á sì ti sọ ẹ̀yìn ọrùn mi di búkà.

Ìdánwò dé. Mo ka ìbéèrè kìíní, mo sì rántí ibi tí ìdáhùn wà: ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀, níbi tí tíì dà sí. Tíì yẹn ni mo rí kedere. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé, tó máa ń gbá mọ́ńkì póòsì, bọ́ọ̀lù àdúgbò tí ojú góòlù rẹ̀ kéré, ní gbogbo Sátidé, tó sì ti sùn láti aago mọ́kànlá, ń kọ̀wé lọ bí ẹni tí wọ́n ń pè é fún. Èmi gba kárí-ófà: mo fìdí rẹmi, mo ní láti tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Mo ní orí rẹ̀ ló pé ju tèmi lọ.

Orí kọ́. Gààrí ni ìwé kíkà. Ẹ da omi lé e, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, á wú, á kún abọ́. Tẹ́ ẹ bá ń da omi sí i láìdáwọ́ dúró, omi lẹ máa mu.

Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi orí ara rẹ̀ dán èyí wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ ló ń kọ́ sórí. Ó rí i pé àtúnkà 38 tí òun pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ tó 68 tí òun kó jọ sọ́jọ́ kan. Ẹ yọ 38 kúrò nínú 68. Èmi ni mo mọ iye òru tí mo fi ṣe 30 tó ṣẹ́ kù yẹn.

Lọ́dún 1924, ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan, Jenkins àti Dallenbach, mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí. Ohun tí wọ́n ń rántí tí wọ́n bá ti sùn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń rántí tí wọ́n bá lajú sílẹ̀ fún iye wákàtí kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kéré lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló gbè é lẹ́yìn.

Ẹ máa ní ẹ ti gbọ́ ti oorun, àyè fàájì ńkọ́? Wákàtí 168 ló wà lọ́sẹ̀. Ẹ fi 56 sùn. Lẹ́kíṣọ̀ gba bí 20, ìwé gidi gba 30. Ẹ fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní 15, torí Èkó ni, afárá Third Mainland ò mojú ẹnì kankan. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, 28. Ó ṣì ku 19.

Fóònù ló ń jẹ 19 yẹn. Ìwé wà lórí itan, fóònù wà lọ́wọ́, a wo fídíò márùn-ún, a ka ìlà kan. Tílẹ̀ bá ṣú, a ò gbádùn, a ò sì kàwé. Ará ilé mi yẹn mọ̀ pé aago mẹ́rin ni sẹ́ẹ̀tì òun, ìyẹn ikọ̀ òun, máa wọlé gbá bọ́ọ̀lù, torí náà láago méjì, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀. Fóònù ti wà nínú báàgì. Ó ní ibi tó ń lọ. Èmi tí mo ní gbogbo ọjọ́ nílẹ̀, mò ń fa ìwé bí ẹni ń fa ṣìngọ́ọ̀mù.

Gbogbo fàájì kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Òde alẹ́ Fúráìdé tó ń gbé èèyàn délé láago márùn-ún ìdájí, tí-dí-bí ni, àfi pé ó ní orin. Ẹni tó sì ń tajà ní Tẹ́júoṣó kó lè rówó ilé ìwé san, wákàtí 19 tí mo kà yẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣirò mi bú u.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni Freedom Park tó wà ní Broad Street tẹ́lẹ̀, kó tó di ọgbà ìgbafẹ́ lọ́dún 2010. Wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n di ọgbà ìgbafẹ́, ẹ̀yin wá ń sọ yàrá yín dẹ̀wọ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé èsì ìdánwò yẹn, mo tẹ̀ lé ará ilé mi yẹn lọ sí pápá. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, torí mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Góòlù méjì wọlé kíá, wọ́n ní kí sẹ́ẹ̀tì wa jáde. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ bọ́ọ̀lù là ń rẹ sínú báàfù náà.