Òkùnkùn kò fi ẹ̀yìn òṣùpá ṣe ilé

Látìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń gbọ́ ọ pé oòrùn kì í dé ẹ̀yìn òṣùpá rárá, pé òkùnkùn biribiri ló wà níbẹ̀ títí láé. Irọ́ ni, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa ṣì ń gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wà ní àgbàlá wa ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Iná ti lọ, oṣù kò sì tíì lé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú yẹn ló kọ sí wa lálẹ́ yìí ni?"

Mo gbé láńtánì sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, mo yí odó wá sí àárín àgbàlá. Mo ní kó máa yí odó ká, kó má gbójú kúrò lára rẹ̀. Odó ni ayé, láńtánì ni oòrùn, òun gan-an ni òṣùpá. Ká ní odó lójú, kò ní rí ẹ̀yìn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ nígbà tó dé àárín odó àti láńtánì, ẹ̀yìn ẹ̀wù funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, débi pé mo rí ibi tí òógùn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ojú rẹ̀ ló wà nínú òkùnkùn.

Mo ní, "Dúró síbẹ̀. Bí òṣùpá ṣe wà lálẹ́ yìí nìyẹn." Nígbà tí àwa ò bá rí i, ọ̀sán gangan ni lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá di àrànmọ́jú, ilẹ̀ á ṣú níbẹ̀.

Nǹkan bí ọjọ́ 27 ni òṣùpá fi ń yí ayé ká, iye ọjọ́ kan náà ló sì fi ń yí lára ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń kọ sí wa. Àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ wọn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpin àríwá àti gúúsù òṣùpá ni wọ́n wà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 1959, ọkọ̀ òfuurufú Luna 3 tí ìjọba Soviet rán lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi yà á.

Ohun tí kì í dé ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ni rédíò, torí òṣùpá fúnra rẹ̀ dínà. Kí ọkọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rán lọ tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní, 2019, wọ́n ti kọ́kọ́ rán sátẹ́láìtì Queqiao lọ sójú òfuurufú kó máa bá wọn gbé iṣẹ́ lọ, gbé èsì bọ̀. Inú kòtò ńlá Von Kármán ni ọkọ̀ náà balẹ̀ sí. Ọkọ̀ kékeré wọn, Yutu-2, ló ń rìn kiri níbẹ̀ nígbà náà, sólà ló sì ń lò, bí èyí tó wà lórí òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí oòrùn bá wọ̀, á sùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá yọ, sólà á tún gbaná, á jí, á máa rìn lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́rin lọ.