“Hẹn” tí Màmá sọ kì í ṣe “mo gbà”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sunday, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá la máa ń pè wọ́n, wà ní násìn hóòmù ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wọn ló mú wọn lọ láti Kàbà níbí, iṣẹ́ ò sì jẹ́ káwọn ọmọ ráyè jókòó tì wọ́n nílé, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá, oúnjẹ ń há wọn lọ́fun, dókítà wá ní àwọn fẹ́ lu ihò síkùn Màmá káwọn ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì fòyìnbó ṣàlàyé ẹ̀, Màmá ní “hẹn”, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbà.

Ẹ̀yin ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìhà Kàbà, ẹ mọ “hẹn” yẹn. Téèyàn bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, àgbà á máa ní “hẹn, hẹn”, ìyẹn ni pé mò ń gbọ́ ẹ, máa sọ ọ́ lọ. Ta ló sọ pé ó ti gbà?

Nígbà tá a ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, mo kí wọn bí a ṣe ń kíra wa nílé, mo ní “Ọ̀kun o, Màmá”, ojú wọn là. Wọ́n bi mí bóyá a ti tún òrùlé kíṣìnì tó ń jò ṣe. Mo wá fi èdè wa bi wọ́n, díẹ̀díẹ̀, pé ṣé Màmá mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn, lórí ìró, wọ́n mi orí, wọ́n ní rárá, ẹ̀kọ tí àwọn bá lè gbé mì, ó tó àwọn. Àkọ́bí wọn ní Màmá ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ mọ́. Ẹni tó rántí pé kíṣìnì ń jò ni ò mọ̀ nípa ikùn ara ẹ̀?

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, pé ará ilé á ní wọ́n fi ebi pa ìyá wọn. Mi ò sì sọ pé rọ́bà yẹn ò dáa o, ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, bí Màmá bá gbà á lọ́la, kí wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n láti 1987 ni òfin Amẹ́ríkà ti wà fún àwọn násìn hóòmù tó ń gba owó Medicare àti Medicaid, ìyẹn owó ìtọ́jú tí ìjọba ń san, pé ẹni tó ń gbébẹ̀ lè kọ ìtọ́jú. Òfin míì ti 1990 ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ yẹn síwèé fún un tó bá ń wọlé. Àwa náà ní tiwa ní Nàìjíríà, òfin ìlera tí wọ́n ń pè ní National Health Act ti 2014 ní kí wọ́n sọ fún aláìsàn pé ó lè kọ̀, kí wọ́n sọ ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ, ní èdè tó gbọ́ tó bá ti ṣeé ṣe. Kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sì gbè sẹ́yìn dókítà kan ní 2001, torí obìnrin kan ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn òun, dókítà náà ò sì fipá fún un. Síbẹ̀ ẹ wo ọsibítù wa, dókítà á kọjú sí ọmọ tó máa sanwó, á máa sọ̀rọ̀ gba orí ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀, ọmọ á sáìn, ó parí! Tí ọpọlọ bá ti lọ ńkọ́? Ìyẹn lọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àgbà ti yan ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un nígbà tí ara ṣì le.

Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n máa pe ògbufọ̀ Yorùbá lórí fóònù fún Màmá. Mo ti bẹ àbúrò mi pé kí wọ́n fà mí mọ́ ọn, torí Yorùbá ògbufọ̀ lè má jẹ́ ti Okun, mo sì fẹ́ kí wọ́n dúró títí Màmá á fi sọ̀rọ̀ tán.