Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Nínú Báàgì

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ka nǹkan dé ẹ̀fà, tó wá ní òun ti mọ iye tó kù, èje nìkan ló ń retí. Kò mọ̀ pé igba lè wà níbẹ̀. Ibi ẹjọ́ tọkọtaya àti ìjà ogún la ti máa ń pa òwe yìí jù, torí níbẹ̀ ni ojú ti ń rí díẹ̀ tí ẹnu ń rò púpọ̀. Inú báàgì ni mo fẹ́ gbé e lọ lónìí, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé bí a bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ẹnì kan jẹ́, ká tú báàgì rẹ̀ wò. Ó jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Ẹ da báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Sílípáàsì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàtà gíga ló wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Power bank wà níbẹ̀ tòun ti okùn rẹ̀ tó ti bó. Tíṣù. Omi inú ọ̀rá tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Owó wẹ́wẹ́ nínú pọ́ọ̀sì kékeré lọ́tọ̀. Agbòjò. Ẹni tó kà á dé ibẹ̀ yẹn á ní obìnrin yìí fẹ́ràn ẹrù, tàbí pé ẹ̀rù ń bà á jù. Rárá o. Ìlú Èkó ló wà nínú báàgì yẹn. Sílípáàsì wà níbẹ̀ torí ọkọ̀ lè kú lórí afárá Third Mainland, tó gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí ẹni tó ń fi bàtà gíga rìn ín já. Tíṣù wà níbẹ̀ torí ẹni tó bá wọ ilé ìyàgbẹ́ ojú pópó láìmú tirẹ̀ dání, ojú ẹ̀ á rí nǹkan. Owó wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ torí kọ̀ndọ́ ti pariwo kí ọkọ̀ tó gbéra pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹni tí kò bá ní in, kọ̀ndọ́ á so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, á na owó kan ṣoṣo sí àwọn méjèèjì, wọ́n á sì máa wá ibi tí wọ́n ti máa pín in nínú oòrùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Obìnrin yìí ti gbọ́ ogun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì di ìhámọ́ra.

Àwọn nǹkan kan sì wà nínú báàgì tó jẹ́ pé ẹ lè bi wọ́n ní ọjọ́ orí. Ìgò sànítáísà bíńtín yẹn, oṣù Keje ọdún 2014 ló kọ́kọ́ wọ báàgì ọ̀pọ̀ èèyàn, nígbà tí Ebola fi bàlúù wọ Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà, a sì gbàgbé ìgò náà, àfìgbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020 tó tún padà wá tòun ti ìbòmú. Owó tí àwọn ìyá kan ń ká pamọ́ sábẹ́ aṣọ inú báàgì ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn á sọ fún yín nípa oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ní kí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí tuntun kò sì sí ní báńkì. Ilé Ẹjọ́ Tó Gajù pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé ká máa ná ti àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi pa mọ́ ìdí ATM lóṣù Kejì yẹn kò tún jẹ́ fi gbogbo owó rẹ̀ sínú fóònù mọ́.

Àpò tí ojú lásán kò lè kà tán jù lọ ni àpò onílà-lílà tí gbogbo wa ń pè ní Ghana must go. Oṣù Kìíní ọdún 1983 ni ìdí orúkọ yẹn, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ṣì ń fi orúkọ àpò náà ṣẹ̀fẹ̀. Kí wọ́n má gbàgbé pé tiwa náà ti di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho, wà lára àwọn tó fojú winá rẹ̀ jù. Ghana ni wọ́n bí ẹlòmíì nínú wọn sí. Ẹni tó bá tú ẹrù irú bàbá bẹ́ẹ̀ wò nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nílé, aṣọ ló máa bá níbẹ̀, bóyá pẹ̀lú abọ́ díẹ̀, á sì ní tálákà ni. Ìsọ̀ tó fi ìgbà èwe rẹ̀ gbé dúró ńkọ́? Ọjà tó kù nínú rẹ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, ilé tó kọ́? Wọn kò wọ àpò. Ohun tí kò sí nínú ẹrù yẹn ni bàbá náà gan-an.

Ẹ wá síbi òde. Ìyá kan ṣí báàgì lábẹ́ tábìlì, ó fa ọ̀rá yọ, ó rọ ìrẹsì àti ẹran sí i. Àwọn ọmọge tó wà ní tábìlì kejì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, ọ̀kánjúwà ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ìyá yìí sì mọ òwe yẹn jù wọ́n lọ: ẹnì kan wà nílé tó ń retí ọ̀rá náà. (Ká má parọ́, àwọn ọlọ́kánjúwà wà o, tí odidi kúlà ń wọ báàgì wọn. Wọn kò kàn pọ̀ tó bí a ṣe ń rò ni.) Ọkùnrin tó sì ní òun kì í gbé báàgì ní tòun, ẹ yẹ ti ìyàwó rẹ̀ wò lọ́jọ́ òde: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọ̀gá, awò ojú ọ̀gá, fóònù kejì ti ọ̀gá, àti fìlà ọ̀gá bí ooru bá mú.

Àpò tí kò sọ nǹkan kan rárá náà wà. Títí dòní, Yorùbá ń sọ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tó sì dá owó oníkálukú padà láìṣì í fún ẹnikẹ́ni. Olè tó bá já irú àpò bẹ́ẹ̀ gbà, owó lásán ló gbà. Orí ni ìwé wà. Àwọn alájọ òde òní ń lo káàdì tí wọ́n fa ìlà ọjọ́ 31 sí, owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn. Ẹ wo káàdì yẹn nínú àpò tí ìyá ọjà so mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró. Àwọn ojú tó kún á sọ fún yín pé ó ń ṣe déédéé. Àwọn ojú tó ṣófo ni ọjọ́ tí ara ọmọ kò yá, tàbí ọjọ́ tí ọjà kò tà, wọn kò sì kọ ìyẹn síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tọkọtaya pé kí wọ́n yé tú báàgì ara wọn. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ẹni tó ń wá àlè á rí àlè nínú rìsíìtì ilé oúnjẹ, á rí i nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí, á tilẹ̀ rí i nínú oògùn orí fífọ́. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹ béèrè. Báàgì ọmọ ilé-ìwé ló yàtọ̀. Ìyẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọmọ náà sì mọ̀ pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí pẹ́ńsù tí ẹ kò rà má baà sùn mọ́jú níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ibi tó ti rí i.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé ọjọ́ kan lè wà tí ẹni tí kò mọ̀ yín rí máa tú báàgì yín, tí ẹ kò sì ní lè sọ̀rọ̀: ọjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí ọjọ́ tí òòyì kọ́ èèyàn ṣubú láàárín ọjà. Báàgì ló máa jẹ́ ẹnu yín lọ́jọ́ náà. Báàgì púpọ̀ ló kún fọ́fọ́ tí kò lè dáhùn pé ta ni yìí, ta la máa pè, kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Fóònù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti tì í. Nọ́ńbà ọkọ tàbí ìyàwó wà nínú rẹ̀, a kò sì há a sórí mọ́ bíi tàtijọ́. Ọlọ́kàn rere tó bá gbé yín dìde lè pe 112 tàbí 767 l'Ékòó, tàbí 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì ní kí ilé ìwòsàn má kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Síbẹ̀, dókítà kì í ṣe aríran. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ló dá yín gúnlẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS, tàbí tí ara yín kì í gba Septrin, ibo ló ti máa mọ̀ ọ́n?

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, nọ́ńbà ẹni méjì tó máa ń gbé ìpè, irú ẹ̀jẹ̀ yín, àìsàn tó wà lára, oògùn tí ẹ ń lò àti èyí tí ara kọ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì sí i o, olè náà mọ̀wé. Ẹlòmíì á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àmín. Kó ṣe àdúrà yẹn, kó sì kọ bébà náà. Ẹ fi síbi tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí èépá tòmtòm wà. Báírò máa ń rá bí òjò bá wọ báàgì, torí náà ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkópì bá yín fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹni tí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ bá sì yí láìnì padà, ẹ lọ ṣe òmíràn.