Irin Méjìlá Tí Kò Pé Méjìlá

Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, tún ti gbé àgádágodo dé. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ irin ìkọ́lé kan pa nítorí irin tí kò dára, àwọn ayàwòrán yàwòrán, ọ̀gá sọ̀rọ̀ níwájú ìdì irin tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, kálukú gba ilé lọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ ibi tí yóò já sí: láìpẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí, irin á tún máa jáde.

Ohun tí a ti ń sọ náà la tún fẹ́ sọ. Inú ọjà kọ́ ló yẹ kí àjọ SON ti máa lé irin tí kò dára kiri. Ibi tí irin ti ń jáde gbóná lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì bèèrè ìwé kan ṣoṣo.

Ìwé wo? Ní wákàtí wákàtí, kí òṣìṣẹ́ mú ọ̀pá mélòó kan, kó wọ̀n wọ́n, kó fàmì sórí ìwé tó ní ìlà mẹ́ta. Ti àárín ni ìwọ̀n tí ẹ̀rọ sábà ń mú jáde. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni ààlà. Bí àmì kan bá bọ́ sóde, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ wádìí ohun tó fà á. Bí mẹ́jọ bá tò tẹ̀léra lápá kan ìlà àárín, nǹkan ti yẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1924 ni Walter Shewhart, onímọ̀ físíìsì, ti fa irú ìlà yìí fún Western Electric, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1950 ni W. Edwards Deming, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn ará Japan bí wọ́n ṣe ń lò ó. Pẹ́ńsù àti rúlà ni, kì í ṣe awo.

Ẹ gbé irin 12 mm wò. Mítà kan rẹ̀ yẹ kó wọn nǹkan bíi kílò 0.89. Bó bá jẹ́ 11 mm ló jáde, kò ju kílò 0.75 lọ. Mìlímítà kan péré, ojú onílé ò lè rí i, àmọ́ ìdá 16 nínú 100 irin tó sanwó fún ti wọgbó. Ẹni tó ń tẹ irin mọ̀ ní tirẹ̀. Bó bá ti gbé ọ̀pá náà lọ́wọ́ báyìí, ó ti mọ̀. Á wojú bíríkìlà, bíríkìlà á wojú rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ.

Ẹ̀rọ tó ń ṣàṣìṣe kì í sábà yan apá kan. Á nípọn díẹ̀, á tún tín-ín-rín díẹ̀. Kódà bí róláà tó ń tẹ irin bá ń jẹ, ṣe ni ojú ihò rẹ̀ ń fẹ̀, tí irin ń nípọn sí i. Bí gbogbo àmì láti Mọ́ńdè dé Sátidé bá wá tò sórí 11, tí ọ̀kan ò kan 12, àṣìṣe ti tán níbẹ̀. Ẹnì kan ló yí i síbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í jalè.

Àwọn onílé iṣẹ́ á ní iná kì í dúró, dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Òótọ́ ni, ìwé náà á sì gbè wọ́n, torí á fi wákàtí tí iná lọ hàn. Àwọn aláṣẹ á ní àwọn ò ní òṣìṣẹ́ tó. Èyí tó ń ya fọ́tò ńkọ́?

Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ní November 1, 2021, àwọn tó kú lé ní 40. A ò sọ pé irin ló wó o. Ṣùgbọ́n abẹ́ àlàpà kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa wọn irin.

Kí SON kọ ọ́ sínú òfin MANCAP, àmì tí wọ́n ń fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà tó bá kúnjú ìwọ̀n: ilé iṣẹ́ tí kò bá ní ìwé ìlà oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ kò ní rí àmì gbà. Kọ́kọ́rọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì yìí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n bèèrè ìwé.