Excel kò nílò bọ́tìnnì kó tó ṣírò

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan dìde, ó ní ká wá ẹni tó máa bá wa ṣe bọ́tìnnì macro (àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì kó lè dá ṣiṣẹ́) sínú ìwé owó tó wà lórí Excel, pé bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, àròpọ̀ kì í yí. Gbogbo ilé ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán ni mo ti ń gbọ́ ọ. Kì í ṣòótọ́.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun. Ẹ kọ 2 sí àpótí A1, kí ẹ kọ =A1*3 sí àpótí B1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 6 lẹ máa rí. Ẹ wá fi 5 rọ́pò 2 yẹn. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ Enter báyìí, B1 ti di 15. Ta ló tẹ bọ́tìnnì? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àfi bí ẹnì kan bá ní kó má ṣe é mọ́. Ẹ lọ sí Formulas, ẹ tẹ Calculation Options, ẹ mú Manual. Ẹ sọ 5 di 7: 15 ló ṣì máa wà ní B1, "Calculate" á sì yọ nísàlẹ̀ pátápátá lápá òsì. Ẹ tẹ F9, ó di 21. F9 yìí náà niṣẹ́ tí bọ́tìnnì tí wọ́n ń náwó lé lórí ń ṣe.

Wọ́n á ní àná ló ṣì ń ṣe dáadáa, àwọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Fáìlì tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí ló ń pinnu! Bí èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ bá wà ní Manual, tó sì jẹ́ òun lẹ kọ́kọ́ ṣí, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ṣí tẹ̀lé e ló máa di Manual.

Èmi náà ti sanwó bọ́tìnnì rí. 5,000 náírà obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ kò wọnú àròpọ̀, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ yá owó, ìwé wá ń sọ pé ohun tó dá kò tó. Mo tẹ bọ́tìnnì títí, pàbó. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé apá òsì ni iye yẹn fara mọ́, tí àwọn yòókù wà lápá ọ̀tún. Orí WhatsApp ni mo ti dà á kọ, lẹ́tà O ni wọ́n sì tẹ̀ síbi òdo tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, SUM, fọ́múlà tó ń ro iye pọ̀, kì í sì í ka ọ̀rọ̀ mọ́ owó. Mo fi òdo sí i, àròpọ̀ yí lójú ẹsẹ̀.

Macro ọ̀hún kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ fóònù ni akápò wa fi ń wo ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá fi fáìlì pamọ́ sí .xlsx, irú fáìlì Excel tó wọ́pọ̀, macro lọ nìyẹn. Bí fọ́múlà bá pọ̀ débi tí kọ̀ǹpútà ń fà, Manual wúlò, mo gbà. F9 náà ló tó fún un.

Kí ìpàdé tó tú, mo ní kí akápò gbé laptop rẹ̀ wá. Manual ló wà. Mo dá a padà sí Automatic níṣojú gbogbo wọn, àròpọ̀ ojú ìwé méjèèjì sì yí lẹ́ẹ̀kan náà.